Ara Mi Ni Tíṣà Fi Kọ́ Kíláàsì

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwa tí a jọ lọ sí ilé ìwé nígbà èwe péjọ sí Ìlobù láti kí ara wa. Àgbàlagbà ni gbogbo wa báyìí. Ẹlòmíràn ń fi ọ̀pá rìn, ẹlòmíràn ò léyín mọ́. Ọkùnrin kan dìde, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó ní pàṣán ló sọ wá dènìyàn, pé bí kì í bá ṣe lílù tí àwọn olùkọ́ ayé ìgbà náà lù wá ni, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí à bá wà. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kálukú ń sọ ọjọ́ tí wọ́n dá òun dùbúlẹ̀ lórí tábìlì. Mo dìde, mo gbé báàgì mi, mo bọ́ síta. Wọ́n rò pé ibi tí mo ti máa tọ̀ ni mò ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bí mi nínú, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ohun tó ti pẹ́ lè má tíì tán. Etí mi òsì kò gbọ́ nǹkan kan láti ìgbà ọmọdé mi títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni a ò bí mi bẹ́ẹ̀. Tíṣà kan ló fọ́ ọ níbi tó ti ń kọ́ wa ní èdè Òyìnbó. Kì í ṣe pé mo pẹ́ dé, kì í ṣe pé mo pariwo. Ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ni, ara mi ló sì fi ń kọ́ ọ.

Ọmọ Ìlobù ni bàbá mi. Àgbẹ̀ ni wọ́n, mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ ni wọ́n pẹ̀lú. Ìfọ́n ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé ọbẹ̀ tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìlobù lè gbóná dé Ìfọ́n. Èmi ì bá má rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, torí obìnrin ni mí, àfi bí ìjọba ṣe dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Bàbá mi ní, "Ọ̀fẹ́ ṣáà ni, kó máa lọ. Bó bá ti lè kọ orúkọ ara ẹ̀, ó tó." Báyìí ni ọmọ ṣe ya wọ ilé ìwé lọ́dún náà tí olùkọ́ kò tó. Wọ́n wá ń kó àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì gbọ́n tán wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lè di ṣọ́ọ̀kì mú, wọ́n á ní kó máa bọ̀.

Irú wọn ni Tíṣà tí a bá ní kíláàsì kẹta. Ẹ máa rí i pé bàbá mi ni mò ń pè ní wọ́n, òun ni mò ń pè ní ó. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó ti kú, wọ́n ní kí a má sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, mo sì ti gbìyànjú, kò bọ́ sí i fún mi ni. Ọmọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti ọ̀nà jíjìn wá, ṣòkòtò péńpé rẹ̀ funfun báláú, ó lọ̀ ọ́ dé ibi tí etí rẹ̀ lè gé ni lọ́wọ́. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́, Òyìnbó ló ń sọ. Ọmọ tó bá gbàgbé tó sọ Yorùbá nínú kíláàsì, wọ́n á so pátákó kékeré kan mọ́ ọn lọ́rùn, á máa gbé e kiri títí tí yóò fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Bí a ṣe ń ṣọ́ ẹnu ara wa nìyẹn bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.

Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ni dùn mọ́ wa níbẹ̀rẹ̀, kí n sọ òótọ́. Ohun tí a bá ń sọ la gbọ́dọ̀ máa ṣe. Bí ọmọ kan bá ń rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, òun náà á máa wí i, "Àì ámù góìn tú dì dọ́ọ̀," àwa yòókù á sì máa wí ohun tó ń ṣe. A jókòó, a dìde, a ṣílẹ̀kùn, a tì í. Mo tètè ń mọ̀ ọ́n ju àwọn yòókù lọ. Bí mo bá dé ilé, màá máa fi gbogbo rẹ̀ ṣakọ sí àwọn àbúrò mi, ìyá mi á máa wò mí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó yá la dé ibi kan nínú ìwé kíkà, níbi tí àwọn ọmọkùnrin méjì ti ń jà nítorí bọ́ọ̀lù. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè nàka sí. Tíṣà rò ó títí, ó wá nàka sí mi. Ọ̀kánkán rẹ̀ ni mo jókòó sí nítorí mo kúrú, mo sì tètè ń mọ̀wé. Ọgbọ́n orí mi ló kó bá mi. Ó ní kí n wá dúró níwájú, ó mú ẹran apá mi láàárín èékánná méjì, ó lọ́ ọ. Ó ní píńṣì nìyẹn. Kíláàsì dáhùn, wọ́n ké e bí orin, "Hí ìsì píńṣìn hà!" Apá ń ro mí, ṣùgbọ́n èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo rò pé eré ni. Nígbà tó tú mi sílẹ̀, mo ní, "Tánkì yù, sà," mo lọ jókòó.

Òfin ni ìdúpẹ́ yẹn o. Ọmọ tí tíṣà bá nà gbọ́dọ̀ dúpẹ́ kó tó padà sáyè rẹ̀. Kò ṣe àjèjì sí wa, ilé la ti mọ̀ ọ́n. Bí àgbà bá nà ọ́ tán nílé wa, tó ò bá tètè wí pé "Ẹ ṣeun, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́," wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n nà ló jẹ gbèsè ọpẹ́. Títí di òní, mi ò rí ẹni tó lè là á yé mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi oríkèé ìka kàn mí lórí kọ́kọ́kọ́, ó ní nọ́ọ̀kì ni. Ó fi imú bàtà gbá mi lójúgun, ó ní kíìkì ni. Ó fi ìkúùkù bà mí lẹ́yìn, mo gbàgbé ohun tó pe ìyẹn, ẹ̀yìn mi ò gbàgbé. Nígbà tí ibi tó lọ́ lápá mi wú, tó dúdú bí ìdí ìkòkò, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí iṣu rẹ̀ ta. Ó ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, ó ní, "Búrúùsì!" Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ló ti ń wá bí òun ṣe máa fi hàn wá, àfi bó ṣe wá hù fúnra rẹ̀. Ó ní kí gbogbo kíláàsì tò kọjá níwájú mi. Wọ́n ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń sọ pé búrúùsì, búrúùsì. Àwọn tí mo jọ ń lọ pọnmi ni wọ́n.

Ó tún ní Yorùbá kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, pé "lù" nìkan la ní, Òyìnbó ló mọ oríṣiríṣi rẹ̀. Irọ́ gbáà! Ní ọjọ́ orí mi yẹn, mo ti mọ àbàrá tí wọ́n ń gbá sí ẹ̀yìn, mo mọ ìgbájú, mo mọ ìfọ́tí, mo mọ pé ẹni tí wọ́n nà lẹ́gba kì í ṣe ẹni tí wọ́n là mọ́lẹ̀, àti pé ẹni tí wọ́n ta nípàá nídìí kò lè jókòó bí ẹni tí wọ́n já léèékánná. Ní ti ọ̀rọ̀ lílù, Yorùbá ò tòṣì rárá. Ìbá sì dára ká tòṣì díẹ̀.

Ọjọ́ tó kan sílápù, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, inú kíláàsì tutù. Mo jáde lọ síwájú láìjẹ́ pé ó pè mí, nítorí ó ti di iṣẹ́ mi. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han kíláàsì, ó wá ká a díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bu omi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń fojú sùn, ṣùgbọ́n mo yíjú díẹ̀, ọwọ́ náà bọ́ sétí mi òsì. Nǹkan kan dún nínú orí mi. Lẹ́yìn náà, bí ìgbà tí omi ń hó nínú ìkòkò tó lómọrí ni mo ń gbọ́. Kíláàsì ń dáhùn, "Hí ìsì sílápìn hà!" ohùn wọn ń bọ̀ láti ibi tó jìn. Mo dì mọ́ tábìlì. Mo ní, "Tánkì yù, sà." Apá kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ ohùn ara mi.

Nígbà tí mo délé, omi tó dà bí ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí mi. Ìyá mi pariwo, wọ́n fi òwú nù ún, wọ́n mú òróró gbóná nínú ṣíbí, wọ́n kán an sí i. Bàbá mi ti oko dé, wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

"Kí lo ṣe fún Tíṣà?"

Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan.

"Ṣé wèrè ni Tíṣà ni? Èèyàn kì í déédéé gbá ọmọ ọlọ́mọ létí. Kí lo ṣe fún un?"

Mo fi ìka kan ilẹ̀, mo fi lé ahọ́n, mo gbé e sókè, mo búra. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àgbà kì í nani lásán, ohun tí gbogbo ọmọ ilé wa sì mọ̀ ni pé bí ọmọ bá ṣẹ ẹni ńlá, bàbá ọmọ ló máa lọ tù ú lójú. Wọ́n mú àgbébọ̀ adìẹ kan, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé iṣu lé mi lórí, wọ́n ní kí n máa kálọ. Etí mi ṣì ń ṣomi.

Tíṣà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó háyà, ó ń yọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi, tí àwọn ọkùnrin àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ kí láràárọ̀, sọ adìẹ sílẹ̀, wọ́n fi àyà lélẹ̀ níwájú ọmọkùnrin tí àkọ́bí wọn dàgbà jù lọ.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ọmọdé ò mọ nǹkan tó ń ṣe. Ohun yòówù tó fi ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì í. Ẹ máa bá mi nà án, ẹ má wojú mi. Egungun ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ibí yìí gan-an ni inú ti ń bí mi jù. Ìfọ́tí yẹn, bóyá ó ṣèèṣì ni, mo lè gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó wò mí, ó wo bàbá mi nílẹ̀, ó mọ̀ dájú pé mi ò ṣẹ òun. Kí ló ná an láti sọ pé, "Bàbá, ọmọ yín ò ṣe nǹkan kan"? Kò sọ ọ́. Ó ní, "Kò burú, Bàbá. Ó máa yí padà." Ó gba adìẹ. Ó gba iṣu. Ó tiẹ̀ gbá mi lórí pẹ́pẹ́ bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú.

Láti ọjọ́ yẹn, mo di ọmọ burúkú nílé wa. Bàbá mi á pè mí láti apá òsì, mi ò ní dáhùn. Wọ́n á tún pè mí. Nígbà tí mo bá fi máa mọ̀, ẹ̀yìn mi ni màá ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní mo ti di alágídí, pé ìwé tí mo mọ̀ díẹ̀ ló ń gùn mí, mo wá ń kọ etí ikún sí bàbá tó bí mi. Ìyá mi ní bóyá mi ò gbọ́ ni o. Bàbá mi ní mò ń gbọ́ bí wọ́n bá ní kí n wá jẹun. Òótọ́ ni, nítorí iwájú mi ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sí. Wọ́n ń nà mí nítorí mi ò gbọ́, mi ò sì gbọ́ nítorí wọ́n nà mí. Bí wọ́n bá nà mí tán, màá dúpẹ́.

Ìyá ìyá mi ló mọ̀ ọ́n. Ìyá Ìfọ́n là ń pè wọ́n. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń sè, ọwọ́ wọn ti le nítorí omi eérú, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n bá mi dirun. Wọ́n gbé orí mi lé itan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, etí mi ọ̀tún wà nísàlẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ìró wọn. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀. Mo ń fi òòyà ọwọ́ mi ṣeré. Nígbà tí wọ́n yí orí mi padà láti di apá kejì, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ṣé o ti sùn ni?" Mo ní rárá, Mà. Wọ́n tún yí orí mi padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Orúkọ ta ni mo pè báyìí?"

Mo ní mi ò gbọ́ kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni.

Wọ́n fi imú sún mọ́ etí mi, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Ta ló ṣe etí ẹ báyìí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀, látorí píńṣì. Mo ká aṣọ, mo fi apá mi hàn wọ́n, mo fi ojúgun mi hàn wọ́n, mo sì ń sọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lédè Òyìnbó bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Wọ́n ní kí ni mo ṣe fún un. Mo ní mi ò ṣe nǹkan kan, mo ti ń mú ìka bọ ẹnu láti búra.

"Yọ ìka lẹ́nu," ni Ìyá Ìfọ́n wí. "Mo gbọ́. Wọ́n fi ọ́ ṣe pátákó ìkọ̀wé ni."

Àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà mí gbọ́, mo bú sẹ́kún. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún. Nígbà tó yá wọ́n bèèrè ohun tí bàbá mi ṣe sí i. Mo ní wọ́n mú adìẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá Ìfọ́n di irun náà tán, àmọ́ wọ́n fà á le ju bó ti yẹ lọ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo sùn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìyá Ìfọ́n mú mi lọ́wọ́, a gba ọ̀nà Ìlobù. Ilé wa la kọ́kọ́ yà. Bàbá mi ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, oko ni wọ́n ń lọ. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ìyàwó wọn.

"Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o, ọkọ ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí dé ilé ìwé. Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà."

Bó ti wù kí bàbá mi le tó, kò sí ẹni tó ń bá àna rẹ̀ jiyàn. Inú wọn tiẹ̀ dùn, wọ́n rò pé ìyá àgbà náà wá bá wọn parí ẹ̀bẹ̀ ni. Wọ́n fi ọkọ́ ti ògiri, wọ́n tẹ̀ lé wa.

Tíṣà ti ń kọ̀wé lójú pátákó nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi Òyìnbó sọ pé kí wọ́n dúró síta. Ìyá Ìfọ́n kò gbọ́ Òyìnbó, wọ́n wọlé. Wọ́n rìn dé iwájú tábìlì, wọ́n tú gèlè orí wọn, gbogbo kíláàsì rí i pé orí wọn ti funfun tán. Wọ́n wá rọra gbé orúnkún wọn méjèèjì kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Obìnrin tó lè bí ìyá rẹ kì í kúnlẹ̀ fún ọ. Bó bá kúnlẹ̀ fún ọ ní gbangba, tó sì kọ̀ láti dìde, kò nílò kó ṣépè mọ́. Àwọn ọmọ tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn lórí bẹ́ńṣì.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́," ni Ìyá Ìfọ́n wí. "Wọ́n ní òfin yín ni pé ẹni tí ẹ bá nà á máa dúpẹ́. Ọmọ mi ti dúpẹ́ tiẹ̀. Bàbá ẹ̀ ti gbé adìẹ wá. Ó ku èmi."

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo Òyìnbó ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ó na gbalaja sílẹ̀ níbi tí ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wa ti gbẹ di eruku, tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ dìde! Ẹ dákun, ẹ má pa mí, Mà!"

"N ò pa yín. Mo ń bi yín ni. Kí lẹ ṣe fún ọmọ yìí?"

"Ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́ wọn, Mà."

"Kí lẹ ṣe?"

"Sílápù ni wọ́n ń pè é, Mà. Ó wà nínú ìwé."

"Bàbá ẹ̀ ò gbọ́ ìyẹn. Ẹ sọ ọ́ kí bàbá ẹ̀ gbọ́. Orúnkún mi ṣì wà nílẹ̀ o."

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa fi ọwọ́ sí. Ìyá ìyàwó wọn wà lórí orúnkún, Tíṣà wọn sùn sílẹ̀, àwọn nìkan ló dá dúró. Tíṣà gbé orí sókè díẹ̀.

"Mo gbá a létí, Mà."

"Kí ló ṣe fún yín tí ẹ fi gbá a?"

A ń gbọ́ ohùn kíláàsì kejì tí wọ́n ń ka ìṣirò. Ìyá Ìfọ́n kò mira. Mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn wọ́n, nítorí bí wọ́n bá fẹ́ jókòó sídìí ààrò ọṣẹ wọn pàápàá, wọ́n á kọ́kọ́ di ògiri mú.

"Kò ṣe nǹkan kan," ni Tíṣà wí.

"Ẹ kọjú sí bàbá ẹ̀."

Ó yíra padà nínú eruku. "Bàbá, ọmọ yín ò ṣẹ̀ mí. Mo kàn fẹ́ kí àwọn tó kù mọ ọ̀rọ̀ náà ni."

Ìyá Ìfọ́n di etí tábìlì mú, wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìró wọn, wọ́n wé gèlè wọn. Wọn ò bú u, wọn ò gégùn-ún. Yorùbá ni Tíṣà ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pátákó sì wà lórí ìṣó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Kí ẹ má baà rò pé ilé ìwé yí padà o. Nígbà tí a tò sórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ní kí òbí kankan má wọ kíláàsì mọ́, pé kí a máa bọ̀wọ̀ fún àwọn olùkọ́ wa. Tíṣà kò fọwọ́ kàn mí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ wo ojú mi. Ọmọ míràn ló ń pè síwájú. Nígbà tó ń lọ ní òpin ọdún, wọ́n kọrin fún un, wọ́n fún un ní aṣọ, wọ́n ní olùkọ́ tó kára mọ́ṣẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá màá bá wọn kọrin.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkúnlẹ̀ yẹn kò tíì tán. Nígbà tí a jáde, Ìyá Ìfọ́n ní ọṣẹ wọn wà lórí iná, wọ́n gba ọ̀nà ilé wọn lọ. Bàbá mi ní kí n má padà sí kíláàsì lọ́jọ́ náà, kí n máa bá wọn lọ sílé. À ń lọ, wọ́n wà lápá òsì mi. Ìgbà tó ṣe, mi ò rí òjìji wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Mo wẹ̀yìn. Wọ́n ti dúró, ẹnu wọn sì ń pa dé bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Mo mọ ohun tó kàn. Mo ti gbé apá sókè, mo fi bo orí.

Wọn ò nà mí. Wọ́n gba ẹ̀yìn mi kọjá, wọ́n yí wá sí apá ọ̀tún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀.

"Mo ní, ṣé wàá padà síbẹ̀ lọ́la?"

Bàbá mi kò bi mí ní ohun tí mo fẹ́ kó tó dọjọ́ yẹn. Mo ní màá padà. Òyìnbó tó kù nínú ìwé náà, tèmi ni, mi ò ní fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ó dáa," a sì ń lọ.

Wọn ò bẹ̀ mí, torí bàbá kì í bẹ ọmọ láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi kú, apá ọ̀tún mi ni wọ́n ń gbà bá mi sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ èrò. Àwọn ọmọ mi ní kí n yin bàbá àgbà wọn fún un. Mo ń yìn wọ́n. Inú ń bí mi síbẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni láti apá òsì ọmọ sí apá ọ̀tún rẹ̀. Arúgbó obìnrin ní láti fi orúnkún lélẹ̀ kí bàbá mi tó rìn ín.